Kásẹ́ẹ̀tì Ìwàásù Bàbá Mi

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsọjí láì sinmi, kásẹ́ẹ̀tì la fi ń gba ìwàásù sílẹ̀ ní Ìlá níbí. Ṣé fóònù wà nígbà náà?

Ajíhìnrere ni bàbá mi. Nígbà tí Olúwa pè wọ́n, kásẹ́ẹ̀tì ìwàásù kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún wa. Òjò ń lu páànù nínú rẹ̀, ọmọ ń sunkún… Ojú Màámi sì ti fọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń ní, "Ẹ tàn án, kí n kí ọkọ mi."

Àfi èmi ọlọ́gbọ́n. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan ní Òṣogbo, tó ń fi kọ̀ǹpútà gbé kásẹ́ẹ̀tì sínú síídì. Mo ní, "Ẹ bá mi fọ̀ ọ́. Òjò yìí ń da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run rú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, a kì í fi ọṣẹ fọ ohùn. Sísẹ́ la máa sẹ́ ẹ bí ògì. Ohùn tó bá ti kéré, asẹ́ ò ní mọ̀ bóyá òjò ni tàbí ènìyàn. Kọ̀ǹpútà sì máa ń gé ohùn bí ẹní gé iṣu. Bí mo bá gé e wẹ́wẹ́, yóò jọ ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba àyè."

Mo ní, "Ẹ gé e nípọn. Orin ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa gbọ́dọ̀ wọ inú síídì kan náà." Èmi tí mo mọ òwe èpò àti àlìkámà lórí, pé ẹni tó ń tu èpò lè tu àlìkámà mọ́ ọn… Mo tún fi kásẹ́ẹ̀tì náà ta ẹgbẹ́ akọrin lọ́rẹ. Wọ́n gba orin Kérésì lé e lórí.

Mo tan síídì nílé. Màámi tẹ́tí.

"Ta nìyí?"

"Bàbá ni, Màámi."

"Ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu nìyí. Èjí ọkọ mi máa ń súfèé bí wọ́n bá pe Jésù." Wọ́n fi etí sún mọ́ rédíò. "Bí wọ́n bá ní Olúwa ṣeun, mo máa ń dáhùn láti ìjókòó àwọn obìnrin. Èmi dà níbẹ̀?"

Asẹ́ ti gbé ohùn Màámi lọ pẹ̀lú òjò.

Lọ́jọ́ kejì mo tún gbé rédíò dé. Wọ́n ní, "Gbé e kúrò, ọmọ mi. Má bínú." Àwọn ni wọ́n ń bẹ̀ mí… Wọn ò tún ní ká tan nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi sùn nínú Olúwa.

Lónìí, ẹ ń tún ohùn ṣe lórí fóònù bí ẹní ń ṣeré. Ẹ máa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ti àkọ́kọ́ pamọ́. Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà. Olúwa dárí jì mí, mo mọ̀. Ohùn yẹn ò padà.