Ohun tí Akáńtáǹtì Sọ fún Ẹ̀rọ

Nínú mọ́tò tó ń ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu Alhaja kan tó ń ta aṣọ òkè àti akáńtáǹtì tó ń bá a ṣètò owó orí, tí wọ́n jókòó níwájú mi.

“Alhaja, mi ò lè fi pa mọ́ fún yín mọ́,” ni ọkùnrin náà wí. “Ẹ̀rọ kan wà lórí fóònù tó máa ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn. Òun ni mo bi léèrè bí owó orí yín ṣe lè fúyẹ́ lọ́nà tó bófin mu.”

“Ìyẹn ò burú. Kí ló wá ń já ọ láyà?”

“Mo kó gbogbo ìwé yín sínú rẹ̀. Ti ilẹ̀ Òtù náà wà níbẹ̀.”

Alhaja yíjú sí i. “Ilẹ̀ tí mo rà fún ọmọbìnrin mi? Tí ẹbí ọkọ mi tó gba ilé lọ́wọ́ mi ò mọ̀? Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún! Ṣé o fi orúkọ mi sí i?”

“Mo fi sí i, mà.”

“Ta ló wà lọ́hùn-ún tó ń gbọ́?”

“Mi ò mọ̀, mà. Mo ti pa á rẹ́ lórí fóònù mi, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ó ti rẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ni ẹ̀rọ náà.”

“Kí ló dé tí o fi sọ gbogbo rẹ̀?”

“Ẹ̀rọ náà ló ní kí n ṣàlàyé dáadáa.”

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ. Nígbà tí mo délé, mo ṣí fóònù tèmi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí èmi náà ti ṣàlàyé fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.