Àga Tí Ẹni Méjì Ṣe, Tí Mo Fi Orúkọ Ẹnì Kan Ránṣẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún kẹsàn-án rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, tí mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi ń bọ̀ wálé láti Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin.

Abereke, létí òkun, ni à ń gbé. Yanrìn ibẹ̀ rọ̀ débi pé àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin a máa rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹni tó jókòó lé e. Ayọ̀délé ọmọ mi, tó ń gbẹ́ ọkọ̀, àti Sùlé, aládùúgbò wa tó ń hun àwọ̀n, ni wọ́n jọ ronú ṣe àga mìíràn. Dípò ẹsẹ̀, Ayọ̀délé fi pákó méjì tó tẹ̀ bí ìdí ọkọ̀ gbé e dúró. Sùlé fi okùn àwọ̀n hun ibi ìjókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n gbé e sétí omi. Mo ń lọ́ra láti jókòó.

“Bàbá Ayọ̀délé, ẹ jókòó,” ni Sùlé wí. “Bó bá rì, ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n wẹ̀.”

Mo jókòó. Kò rì. Ìkùukùu bo òkun, mi ò mọ ibi tí omi parí sí. Ó dà bíi pé mo wà nínú ọkọ̀ tí kò lọ síbì kankan, tí àkọ́bí mi, tí òkun gbé lọ, sì jókòó tì mí.

Ajẹ́lẹ̀ ìjọba tó wá bẹ ìlú wa wò rí àga náà, ó ní ká fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn onígi kan ní Èkó. Èmi tí mo jáde girama ni wọ́n ní kí n fi rúlà tún un yà. Orúkọ méjì ló wà lórí bébà tí àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ yà á sí. Lórí tèmi, mo kọ ẹyọ kan: Ayọ̀délé. Mo ti gbọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọn yóò gbà síṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, òkun ti gba ọmọ kan lọ́wọ́ mi. Mi ò fẹ́ kó gba èkejì.

Mo sọ fún Sùlé pé àwọn ará Èkó kò fẹ́ ẹni tó ń hun okùn. Mo sọ fún Ayọ̀délé pé Sùlé ní òun kò ṣe mọ́, pé àwọ̀n òun tó òun. Tísà ni mí. Àwọn méjèèjì gbà mí gbọ́.

Lóṣù tó kọjá, Ayọ̀délé kọ̀wé pé wọ́n fẹ́ máa fín orúkọ ẹni tó dá àga náà sílẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ó ṣì ń dùn mí pé Sùlé fi mí sílẹ̀.” Láti ìgbà náà, àlá kan náà ni mò ń lá: àga náà ń léfòó lórí òkun, kókó okùn rẹ̀ ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń kà wọ́n.

Lánàá, Sùlé yà kí mi.

“Bàbá, wọ́n ní Ayọ̀délé, ọ̀gá Èkó, ń bọ̀. Kò rántí fi lẹ́tà kan ṣoṣo kí mi! Màá pàdé rẹ̀ ní èbúté, kí n fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ̀wé sí ọmọ mi kó tó gbéra, àbí kí n jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì lójú kan náà? Sùlé, bí ẹnì kan bá ka èyí sí ọ létí kí n tó nígboyà, jọ̀ọ́, má bínú sí Ayọ̀délé. Kò mọ nǹkan kan. Èmi ni.