Ẹsẹ̀ Tí Olúwa Dá Sí, àti Ìka Tí Mo Tẹ̀

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, ẹ̀yin ará, nítorí ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi dúró níwájú yín lónìí. Halelúyà!

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe lébìrà ní iléeṣẹ́ kan ní GRA. À ń gbẹ́ gọ́tà, à ń da ọ̀dà sójú títì. Èmi àti Sálíù, ọmọ Ìlọrin, ni a jọ ń ṣiṣẹ́. Sálíù jẹ́ òṣìṣẹ́ olóṣù. Ní tèmi, ọjọ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ nìkan ni mo ń gbowó. Ṣọ́bìrì kan náà, oòrùn kan náà.

Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́, akọ̀wé a gbé ìwé síwájú àwa lébìrà pé kí a tẹ̀ka. Tó bá di Mọ́ńdè, a ó tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi tí n kò kàwé rò pé ìtẹ̀ka náà ni yóò sọ mí di olóṣù. Ẹ rántí pé mo ti jẹ́rìí rẹ̀ níbí yìí rí, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Yéè! Ìwé tó ń lé mi kúrò níṣẹ́ ni mò ń tẹ̀, kí wọ́n lè tún gbà mí bí ẹni tuntun ní Mọ́ńdè.

Lọ́jọ́ tí típà kọ lù wá létí gọ́tà, ẹsẹ̀ àwa méjèèjì ló ṣẹ́. Sálíù wà lórí ibùsùn, owó oṣù rẹ̀ ń wọlé. Tèmi dúró lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyàwó mi lọ bẹ akọ̀wé.

"Ìyá, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọkọ yín lò lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo ìka rẹ̀ níbí."

Ọdún mẹ́jọ di ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn ọmọ mi kúrò níléèwé. Aṣọ ìgbéyàwó ìyá wọn lọ sí Ọjà Tuntun, kò padà wálé. Nígbà tí kò sówó ìtọ́jú mọ́, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, dókítà sì ní wọn yóò gé e. Mo bẹ Olúwa pé kó kúkú mú mi lọ.

Sálíù ló ń fi ọ̀pá tiro wá, tòun ti gààrí. "Wálláhì, Bàbá Rúùtù, bí mo bá dá jẹun, ọ̀fun mi á há."

Ẹ̀yin náà gbààwẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé e, dókítà tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo kígbe. Ó ní ẹsẹ̀ tó mọ ìrora kò tíì kú. Ògo!

Títí di òní, n kò níṣẹ́. Ẹ bá mi yọ̀ nítorí ẹsẹ̀ yìí, ti Olúwa ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí mo mú wá lọ́jọ́sí nítorí ìtẹ̀ka, mo wá gbà á padà. Ẹ̀yin akọ̀wé tí ẹ wà láàárín wa, mo bẹ̀ yín lórúkọ Jésù: ẹ ka ìwé náà sí wa létí, kí ẹ tó di ìka wa mú.