Ogójì Orúkọ Péré Ni Mo Ní Kó Jáde

Ẹ̀yin ará abúlé wa létí Ewékorò, kídìnrín mi ti kọṣẹ́, mi ò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Ògúnsanwó ni mo pa Ràhámátù. Lóòótọ́ ògiri ló wó lù ú, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi í sílẹ̀ lábẹ́ ògiri.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi àdó olóró fọ́ òkúta nítòsí abúlé wa ní ká mú orúkọ gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ ti sán wá, kí wọ́n lè kó wọn lọ sílé tuntun. Nípàdé, Fáṣuyì ní, "Ṣé Ògúnsanwó tó sá kúrò ní ìwé mẹ́rin la ó rán níṣẹ́ ìwé?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín, ẹ sì tún rán mi. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi dòní.

Beatrice tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Láfẹ́nwá ló wá kọ wá sílẹ̀, bí kálukú ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fáṣuyì ló kẹ́yìn, torí ó ń sọ fáwọn èèyàn pé, "Ẹ kọjá, ẹ kọjá, mi ò kánjú." Mo jókòó, mò ń wò ó.

Nígbà tí mo lọ gba ìwé, Beatrice ní, "Bàbá, mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ jáde? Ó lè dúró níbi iye tẹ́ ẹ bá fẹ́."

"Jẹ́ kó dúró lórí ogójì."

"Àwọn mẹ́fà ìsàlẹ̀ ńkọ́, sà?"

"Wọ́n ti kó lọ sí Ṣàpọ́n. Tẹ̀ ẹ́, jàre."

Ká ní mo ní márùndínláàádọ́ta, Fáṣuyì nìkan ni ì bá kù, ẹ ì bá sì fura sí mi. Mo fi ilé márùn-ún mìíràn bo ọ̀tá kan mọ́lẹ̀. Ìwà ìkà! Ìwé náà mọ́ tónítóní, kò sí àmì kankan nísàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kù. Nígbà tí ẹ bi mí, mo ní, "Ibi tí kọ̀ǹpútà mọ nìyẹn." Ẹ gbà, torí ẹ rò pé ẹni tí kò kàwé ò lè fi ìwé ṣèkà.

Lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n fọ́ òkúta, ilé Ràhámátù sì wó. Ọwọ́ lásán ni Fáṣuyì fi hú u jáde. Ó ń sunkún: "Èmi ni mo ṣe é! Èmi ni mo ní kó jókòó tì mí, káwọn tó ń kánjú kọ́kọ́ kọ orúkọ." Èmi tí mo mọ òtítọ́ gbá a léjìká, mo ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." Ọdún mẹ́ta nìyí tó ti ń ru ẹ̀bi mi.

Lánàá ni mo ní kí Beatrice kó gbogbo rẹ̀ jáde. Ràhámátù ṣì wà níbẹ̀, ìkẹrìnlélógójì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa béèrè iye orúkọ tó wọlé kí ẹ tó gba ìwé tó jáde gbọ́. Ilé márùn-ún yòókù ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ẹ sáré kó wọn. Kí ẹ sì gbé ìwé náà fún Fáṣuyì. Mi ò tíì dárí ẹ̀rín ọjọ́ yẹn jì í, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un pé kì í ṣe òun. Kó dárí jì mí, bí òun bá lè ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe.