Ìran Ìyá Wòlíì Tí Sídì Mi Pa Rẹ́

Kò sí kọ̀ǹpútà tó kú ní Bantè yìí tí mi ò lè jí. Wọ́n máa ń jí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jí tán, wọn kì í mọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé ìmọ̀ràn yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mì mọ́.

Romu lorúkọ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò BEPC, mo bá fi ìwé sílẹ̀ kí ìwé tó fi mí sílẹ̀. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Savalou. Ọdún méjì ló yẹ kí n lò. Oṣù mẹ́rin ni mo lò, mo sá wálé, mo kọ "Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ̀ǹpútà" sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọ̀gá yẹn ti kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe sídì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà tó bá kọ̀ tí kò tàn fúnra rẹ̀. Inú sídì yẹn là ń kó irinṣẹ́ àtúnṣe sí: ọ̀kan ń yẹ àìsàn wò, ọ̀kan ń ṣí kóòdù tí èèyàn gbàgbé, ọ̀kan ń kó ìwé inú ẹ̀rọ jáde kó má bàa ṣòfò, ọ̀kan sì ń nu gbogbo ẹ̀ dànù, á wá tún un tò bíi tuntun. Ọ̀gá máa ń sọ pé, "Romu, kó ẹrù jáde kí o tó wó ilé."

Nígbà tí mo fẹ́ ṣe sídì tèmi, àyè ò tó, torí mo fẹ́ fi géèmù bọ́ọ̀lù kan sí i. Mo bá yọ irinṣẹ́ tó ń kó ẹrù jáde. Ẹ wo ọgbọ́n orí! Géèmù náà ò tiẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Bàbá Akọ̀wé ìjọ aláṣọ funfun tí màmá mi ń lọ ló gbé kọ̀ǹpútà ìjọ tó kọ̀ tí kò tàn wá. Gbogbo ìran tí Ìyá Wòlíì wọn rí kó tó di olóògbé ló wà nínú ẹ̀. Ikán ti jẹ ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ wọ́n sí. Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo ti sídì bọ̀ ọ́. Èyí tó ń nu gbogbo ẹ̀ dànù nìkan ló kù tó lè jí i. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló fẹ́ máa ronú níwájú àgbàlagbà?

Ó tàn. Bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi wo inú ẹ̀. Ó mọ́ bí abọ́ tí ajá lá.

Ká ní mo sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ. Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kẹta.

Láti kékeré ni mo ti ń jókòó nínú ìjọ yẹn, mo mọ bí ìran ṣe máa ń lọ. Mo bi màmá mi léèrè èyí tí wọ́n rántí. Inú wọn dùn, wọ́n rò pé mo ti yí padà, wọ́n gúnyán fún mi. Mo jẹ iyán náà. Méjì ni wọ́n rántí. Èmi ni mo fi orí ara mi hun ìyókù, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ojú ewé mẹ́fà. Ojú Bàbá Akọ̀wé ti ń di bàìbàì, wọn ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ọ̀kan tí mo kọ ni pé: "Ọmọ Djaloukou tó wà láàárín yín, kó má gba ọ̀nà ilé nígbà òjò. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lójú ọ̀nà náà." Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tí mo ti rí i? Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo jábọ́ lórí alùpùpù akérò tí à ń pè ní sẹ́míjàn, lójú ọ̀nà Djaloukou. Ẹ̀jẹ̀ orúnkún mi ni.

Wọ́n kà á nínú ìjọ. Ọmọ Djaloukou ni Ìyá Felisi, ọ̀kan nínú ìjọ náà, tó ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé Bobè. Nígbà tí òjò dé, àbúrò wọn pè wọ́n pé ìyá àwọn ń ṣàìsàn, pé orúkọ wọn ló ń pè. Wọ́n fẹ́ lọ. Ìran ò jẹ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tan àbẹ́là nínú ìjọ, wọ́n ń dúró kí òjò dá. Ìyá náà kú kí òjò tó dá.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí òjò ti dá tí wọ́n sì lọ sílé, àwọn àbúrò wọn ò jẹ́ kí wọ́n da yèèpẹ̀ sójú oórì. Títí dòní àwọn àbúrò yẹn ò bá wọn sọ̀rọ̀. Mo wà nínú ìjọ lọ́jọ́ tí Ìyá Felisi jẹ́rìí pé Ẹ̀mí ló dá àwọn dúró. Gbogbo ìjọ ní "Àmín". Èmi náà ní "Àmín".

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Felisi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Wọ́n ní kí n tẹ ìran yẹn jáde ní lẹ́tà gàdàgbà, àwọn fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn àbúrò àwọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ò pa ìyá àwọn tì. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún fi rọ́bà bò ó, kí omi má bàa ba irọ́ mi jẹ́. Wọ́n gbàdúrà fún mi. Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún wọn, kí n gba ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń tu ara wọn nínú? Àbí kí n panu mọ́, kí ìwé náà dé Djaloukou?

Àná ni mo kọ ìbéèrè yẹn. Mi ò lè dúró de èsì yín. Láàárọ̀ yìí mo lọ bá Ìyá Felisi níbi tí wọ́n ti ń sá kajú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ti orúnkún. Wọ́n kàn ń fọwọ́ tú kajú ká.

"Ìran yẹn, kì í ṣe Ìyá Wòlíì ló rí i?"

"Rárá, Màmá. Èmi ni mo kọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín lọ sí Djaloukou, kí n lọ ṣàlàyé fáwọn àbúrò yín."

Wọ́n ní, "Wọ́n ti sin ìyá mi. Dìde, kajú mi lo dọ̀bálẹ̀ lé."