Ọwọ́ Otylia Kò Gbọ̀n

Mo ń fi ọ̀bẹ ha ìda àbẹ́là èṣí kúrò lójú òkúta sàréè Otylia nígbà tí ẹnì kan dúró sẹ́yìn mi. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́, tí wọ́n máa ń tan àbẹ́là sójú sàréè, itẹ́ òkú sì kún fún àwọn tó ń gbá ewé, tí wọ́n ń fọ òkúta àwọn èèyàn wọn. Obìnrin náà gbé ìgbálẹ̀ dání, ó gbé òdòdó funfun mọ́ àyà. Ó ní, "Bàbá, ó jọ pé ẹ ṣìnà. Ìyá mi lẹ ń bá tún ilé ṣe." Mo ní n kò ṣìnà. Ó ní lọ́dọọdún làwọn ń bá ojú sàréè náà ní mímọ́ kí àwọn tó dé, àwọn sì rò pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni. "Kí lẹ jẹ́ sí ìyá mi?"

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, torí àyà mi kì í jẹ́ kí n dúró pẹ́ mọ́. Dókítà ti sọ fún mi pé kí n má retí ìgbà tí igi yóò tún rúwé. Mo mọ̀ pé Lucyna nìyí, ọmọ tí Otylia máa ń mú wá síbi iṣẹ́ nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi. Òun náà ti ń hewú. Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Èmi ni mo ba ayé ìyá rẹ jẹ́. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Gbọ́ ọ lónìí." Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo ń kọ síhìn-ín.

Fíìmù ọmọlangidi la ń ṣe nílùú Łódź nígbà náà, ti ọmọdé àti ti àgbà. Iṣẹ́ tèmi ni eegun. Irin ni mo fi ń ṣe é, oríkèé lórí oríkèé, kí ọmọlangidi lè tẹ̀, kó sì dúró síbi tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sí. Otylia ló ń mú wọn rìn. Á tẹ apá ọmọlangidi díẹ̀, á ya fọ́tò kan. Á tún tẹ̀ ẹ́, á tún yà á. Bí wọ́n bá to àwọn fọ́tò náà tẹ̀ léra, ọmọlangidi á máa rìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o. Ó sì lẹ́nu àpárá. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ludomir, rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwọn ọmọlangidi ti ń bẹ̀rù rẹ." Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò sọ ìyẹn láti fi dá ara mi láre.

Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ fíìmù ìyá arúgbó kan tó ń wá ewúrẹ́ rẹ̀ nínú yìnyín. Èmi ni mo ṣe arúgbó náà látòkè délẹ̀. Ojú ìyá mi ni mo gbẹ́ fún un. Kóòtù tí ìyá mi wọ̀ nígbà ogun ni mo gé rán aṣọ rẹ̀. Mo lọ bá Mroczek, ọ̀gá wa, mo ní kó jẹ́ kí èmi fúnra mi mú un rìn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ludomir, eegun ni tìẹ. Otylia ló ń fi ẹ̀mí sí i." Kò fi bú mi. Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ náà ni n kò lè gbé mì.

Otylia ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúró lórí ìdí tó wúwo, tó ní apá kan tí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Kó tó sún ọmọlangidi, á gbé ẹnu abẹ́rẹ́ náà kan imú rẹ̀, kó lè mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Á wá sún un, á wo àlàfo àárín wọn, á gbé abẹ́rẹ́ kúrò, á ya fọ́tò. Gbogbo wa gba abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́ ju ojú ara wa lọ. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí Otylia tó dé, mo tú nọ́ọ̀tì ọrùn irin náà. Díẹ̀ báyìí ni. Ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n, ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé e kalẹ̀, abẹ́rẹ́ á yẹ̀ bíi fọ́nrán irun, nígbà mìíràn sọ́tùn-ún, nígbà mìíràn sósì, ìwọ̀n tó fi ń sún ọmọlangidi á sì yí padà.

Fíìmù dé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. A pa iná. Arúgbó náà jáde sínú yìnyín, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọ̀gá ní kí Otylia tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ó tún gbọ̀n. Ó bẹ̀ mí pé kí n yẹ abẹ́rẹ́ wò. Mo gbé e lọ sórí tábìlì mi, mo nù ún, mo gbé e padà fún un, mo ní kò sí ohun tó ṣe é. Òfófó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọtí ni. Sobiesław, ẹlẹ́nu mímú kan tó ń kun ilé àwọn ọmọlangidi, bi í níwájú gbogbo wa bóyá tíì ló wà nínú ife rẹ̀ lóòótọ́. Otylia gbé ife náà fún un pé kó mu ún. Ó mu ún. Tíì ni. A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọwọ́ bọ àpò épúròònù rẹ̀.

N kò tíì dé ibi tó burú jù. Ó wá bá mi nídìí tábìlì mi nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú mi lábẹ́ iná, kò fi wọ́n ti nǹkan kan. Ó ní, "Wò ó dáadáa, Ludomir. Gbogbo wọn ń tù mí nínú. Ìwọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń tu èèyàn nínú. Ṣé wọ́n ń gbọ̀n?"

Mo wò wọ́n. Ọwọ́ náà dúró gbọn-in. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá tú u sílẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n ń gbọ̀n."

Ó wo ọwọ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì rí ohun tí mo sọ. Mo rí i nígbà tó rí i. Ó ní, "O ṣeun. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa sọ òótọ́ fún mi."

Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbà á sí ilé ìṣeré kan, ó ń bá àwọn òǹwòran gbé kóòtù wọn kọ́. Lọ́jọ́ tó lọ gan-an ni mo de nọ́ọ̀tì náà padà. Wọ́n gbé arúgbó náà fún mi. Lọ́wọ́ mi, kò gbọ̀n, ṣùgbọ́n bí igi ló ń rìn. Ìyá mi ni, n kò sì lè mú un rìn. Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá mú apá kan nínú èyí tí Otylia yà, ó fi parí fíìmù náà, ó ní gbígbọ̀n rẹ̀ jọ ti òtútù. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ti ń sunkún. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i pé ó mú arúgbó náà rìn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Lucyna ní láti ìgbà náà ni ìyá òun kò ti bu ọbẹ̀ gbígbóná fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wo òdòdó ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí mo bímọ, mo gbé e fún un. Ó ki ọwọ́ bọ àpò. Ó ní ó máa já bọ́ lọ́wọ́ òun. Bàbá, ìyá mi ò gbé ọmọ mi rí títí tó fi kú."

Iṣẹ́ nìkan ni mo rò pé mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó foríjì mí bó bá lè ṣeé ṣe. Ó ní ẹni tó yẹ kí n bẹ̀ wà nísàlẹ̀ yẹn, àti pé mo ti wà nílùú yìí ní gbogbo ìgbà tó fi ń gbé kóòtù kọ́ fún èèyàn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Ìkìlọ̀ tí mo ní kò ju ìyẹn lọ.

Mo dìde pé kí n parí òkúta náà. Lucyna dúró níwájú òkúta náà. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́." Kò pariwo. Ó gbé òdòdó sílẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì lọ. Mo ki ọ̀bẹ bọ àpò. Mo ti ha ìda kúrò lórí ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ Otylia. Ti èṣí ṣì bo ìyókù.