Ọ̀wọ̀ Tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Mí Lọ́nà Adágún Orí Òkè

Ẹ yin Ọlọ́run tó ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò lè pariwo! Mo ní ẹ yìn ín! Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn yẹn náà, ẹ lanu! Inú ń bí mi, ayọ̀ sì ń gùn mí, mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ sọ.

Ẹ mọ̀ mí, Bàbá Láyí tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Tudun Wada níbí. Ní Sátidé tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ní àwọn fẹ́ lọ gbàdúrà létí adágún tó wà lórí òkè, lọ́nà tó kọjá Bukuru, lọ-bọ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Láyí, kí lẹ ń wá lórí òkè?” Mo ní, “Ogójì ọdún ni mo ti ń gbọ́ nípa adágún yẹn, mi ò tíì rí i.”

Ó di búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta àti omi sínú àpò mi. Ó ní, “Àtọ̀gbẹ yín ò gbọdọ̀ bá ebi pàdé o. Àpò yìí ò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn yín.”

A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Òkè yẹn! Ó dúró ṣánṣán bí ògiri. Ewúrẹ́ kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wò mí, ó mi orí. Atẹ́gùn gbé fìlà mi lọ, ẹnì kan ní Bauchi ló ń dé e báyìí.

Ni Dáre, olórí àwọn ọ̀dọ́, bá di àpò mi mú. “Haba, Bàbá! Àwa wà níbí, ẹ̀yin ń gbẹ́rù? Ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e, sà.” Mo ní rárá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta! Ta ló lè bá ìdọ̀bálẹ̀ jà? Mo gbé e fún un, tòun ti fóònù inú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o! Ọmọ yẹn gbé àpò mi kọ́ èjìká, ó ní, “Ẹ máa rọra bọ̀, sà,” ó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré lọ! Oúnjẹ mi lọ. Omi mi lọ. Fóònù mi lọ. Ọ̀wọ̀ nìkan ló kù fún mi lórí òkè. Ṣé ọ̀wọ̀ ṣeé jẹ?

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ebi tí ìyàwó mi ń bẹ̀rù dé. Òógùn tútù bò mí. Òkúta kan di mẹ́rin lójú mi. Mo pe Dáre, ohùn mi ò kọjá eyín. Mo jókòó. Mo ní, “Olúwa, bó o bá fẹ́ mú mi, mú mi. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n sọ níbi ìsìnkú mi pé àwọn tọ́jú mi.”

Ògo! Obìnrin àgbàlagbà kan, ọmọ ẹ̀yà Berom tó ni ilẹ̀ ibẹ̀, jáde látinú oko ọ̀dùnkún rẹ̀. Ó fi Hausa bi mí pé, “Baba, àwọn ọmọ rẹ dà?” Mo ní wọ́n ti bá mi gbé oúnjẹ mi lọ. Ó ní, “Ṣé wọ́n bá ọ gbé e ni, àbí wọ́n jí i?” Inú bí òun náà! Ó gbé kúnú ọkà tó fi ṣúgà sí wá, ó di orí mi mú, ó ń pariwo pé, “Sha, Baba, sha!” Ìyẹn ni pé kí n mu ún. Mo mu ún tán, díẹ̀ ló kù kí n mu igbá. Òkúta mẹ́rin padà di ọ̀kan.

Ó ní ká sọ̀kalẹ̀. Mo ní adágún ló kù. Ó pè mí ní olóríkunkun, ó sì fà mí lápá dé òkè. Ẹ̀yin ará, omi yẹn mọ́ débi pé mo rí ojú mi nínú rẹ̀ bí ìgbà tí mo pé ogún ọdún! Ìyàwó mi ní irọ́ ni, ṣé ó bá mi débẹ̀ ni?

Àwọn ọ̀dọ́ ń gbàdúrà pé kí Olúwa fún Bàbá lókun. Àpò mi wà lórí òkúta, wọ́n tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ kó má baà dọ̀tí! Dáre ní, “Ẹ káàbọ̀, sà. A ò fọwọ́ kan nǹkan yín o.” Ó tún ń rẹ́rìn-ín! Obìnrin náà gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ búrẹ́dì mi tán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, dókítà ní, “Bàbá, bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ ò bá dákú síbẹ̀. Kúnú yẹn ló gba ẹ̀mí yín là.” Ẹ ṣeun, Jésù!

Dáre ti bẹ̀ mí. Mo ti dárí jì í, inú ṣì ń bí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá gba ẹrù àgbà, ẹsẹ̀ àgbà ni kẹ́ ẹ fi rìn! Ìwọ tó wà nínú wàhálà, tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ ti gbé ìrànlọ́wọ́ rẹ sáré lọ síwájú, má kú síbẹ̀. Ọlọ́run ní èèyàn nínú oko tí o ò mọ̀.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Kò pè mí ní sà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kàn dúró tì mí ni.